Àmì Tí Mo Fi Abẹ Ha

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ sì gbé gègé yín kalẹ̀. Kí íǹkì ó gbẹ lẹ́nu ẹ̀ lónìí, kò burú. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, mi ò lè gbé e mì, mi ò sì lè pọ̀ ọ́. Òní ni màá pọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń pè mí ní Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá, tí ẹ ń na ìka sí àwòrán mi lára ògiri fún àwọn àlejò, ẹ wá gbọ́ irú ẹni tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Orí mi pé. Ojú mi nìkan ni kò pé mọ́. Dókítà ojú sọ fún mi lọ́jọ́sí pé nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú mi méjèèjì, pé wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, pé ó lè dáa, ó sì lè má dáa. Iṣẹ́ abẹ! Nígbà tó dárúkọ abẹ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó bú sẹ́kún. Dókítà kàn ń wò mí ni, kò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀yin náà ò tíì mọ̀. Abẹ ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀, torí mo fẹ́ràn ibẹ̀, mo ṣì fẹ́ràn ibẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń dùn mí. Yàrá gbọọrọ kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Bí a bá ti ń fa ìlà lókè, bẹ́ẹ̀ ni òòlù ń dún nísàlẹ̀, kò, kò, kò. Iléeṣẹ́ ìwé ni. Ìwé àlọ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n ń tẹ̀, èmi àti ẹnì kejì mi la sì ń ya àwòrán inú ẹ̀: iwin onírun gígùn, ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ọmọ òrukàn tó já sínú kànga tó bá ìlú ńlá pàdé nísàlẹ̀ omi. Gègé àti íǹkì dúdú nìkan la fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Kò sí pupa, kò sí búlúù. Tí o bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, wàá fa ìlà wínníwínní títí ọwọ́ ẹ á fi wú. Tí o bá fẹ́ kí òṣùpá yọ, wàá yáa fi bébà sílẹ̀ ní funfun bó ṣe wà. Òórùn íǹkì yẹn, òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀, òórùn awọ bàtà tó ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀, bí mo bá gbọ́ òórùn wọn níbikíbi báyìí, ẹsẹ̀ arúgbó yìí á fẹ́ sáré gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi àti ẹ̀, a dojú kọra ni, ìgò íǹkì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wa. Ìlà-Kan ni wọ́n ń pè é, torí bó bá ti gbé gègé lé bébà níbi ẹ̀yìn ọrùn ènìyàn, kò ní gbé e kúrò àfi tó bá dé gìgísẹ̀. Ìlà kan péré, ènìyàn ti dìde dúró. Ẹ̀yin tí mò ń bá wí pé ẹ ń fa ìlà bí ọmọ tó ń rá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Èmi, Alábẹ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ mọ̀ pé íǹkì ò ṣeé fi rọ́bà pa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi gègé gbé, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Màá jẹ́ kó gbẹ, màá fi etí abẹ ha awọ bébà díẹ̀díẹ̀ títí dúdú á fi tán, màá wá fi èékánná dán ojú ibẹ̀ títí á fi padà jọ̀lọ̀. Bí èékánná ò bá ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, íǹkì tuntun tó bá bọ́ síbẹ̀ á ràn, á yọ irun wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Tèmi kì í ràn. Ọ̀gá wa, olóòtú iléeṣẹ́ náà, bàbá gíga kan tí kò ní irun kankan lórí, máa ń gbé bébà sí ìmọ́lẹ̀ láti wá ibi tí mo ti ha, wọn kì í rí i. Ìlà-Kan á ní, “Alábẹ, ọjọ́ wo lo máa bá wa fi abẹ yẹn fá orí Ọ̀gá?” Èmi náà á ní, “Kí ni màá fá níbẹ̀? Ṣé o rí nǹkan kan tó ṣẹ́kù ni?” Ọ̀gá á sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, “Mo gbọ́ yín o!” wọ́n á sì dúró wúkọ́ kí wọ́n tó wọlé, torí pé àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì fẹ́ ká mọ̀.

Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ mú yín rò pé irọ́ ni mò ń pa. A máa ń wọ aṣọ ara wa. A máa ń pín búrẹ́dì kan, ó ń fún mi ní èèpo ẹ̀ torí ó mọ̀ pé èèpo ni mo fẹ́ràn. Àwọn tó ń bọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà rò pé ọmọ ìyá ni wá. Èmi nìkan náà ló sọ àṣírí ẹ̀ fún. Ìyá ẹ̀ ò ríran. Aránṣọ ni màmá náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ló fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́ tí kò rí i, ó rò pé ó ti rẹ òun ni, àfìgbà tí gbogbo ayé di òkùnkùn mọ́ ọn lójú. “Alábẹ,” Ìlà-Kan sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a ń lọ sílé, “mi ò bẹ̀rù ikú o. Ojú mi ni mò ń bẹ̀rù. Ní àràárọ̀ tí mo bá jí, ìka mi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá mo ṣì rí èékánná.” Mo dì mọ́ ọn lójú títì. Mo ní, “Ojú rẹ yìí? Ojú rẹ máa ríran títí wàá fi ka ewú orí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ.” Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wà lọ́wọ́ mi tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ àwọn ìtàn náà lè fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, àmọ́ kò ní àmì ohùn rárá. Èmi ni mò ń fi gègé kọ àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kí ojú-ìwé tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa yàwòrán ẹ̀. Màá máa kùn ún lábẹ́ ahọ́n, dò, re, mí, Ìlà-Kan á ní, “Akọrin wa ti dé, ẹ gbé àga fún un.” Iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ èdè wa. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, ẹ bọ́ fìlà kékeré yẹn kúrò lórí ẹ̀, kí ló dà? Ó di ọkọ, bàbá àwọn ọmọ. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀gá wá pè wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìwé ńlá kan, gbogbo àlọ́ tí àwọn ti ń kó jọ látọjọ́ yìí wá, ọwọ́ kan ṣoṣo ni yóò sì ya gbogbo àwòrán inú ẹ̀. Orúkọ ẹni náà á hàn lẹ́yìn ìwé. Mo ti ń rí orúkọ mi. Ọ̀gá ní, “Ìlà-Kan, ìwọ ni. Alábẹ, ìwọ á máa bá a fi àmì sí i, bó bá ṣàṣìṣe, wàá bá a ha á.” Mo pariwo, mo gbé Ìlà-Kan sókè, mo yí i po. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí bí inú mi ṣe dùn. Irọ́ ni. Inú mi ò dùn rárá. Ìlara ni, mi ò ní pè é ní orúkọ míì fún yín. Mò ń sọ lọ́kàn pé, ṣé títí láé ni èmi á máa nu ìdí ẹlòmíì ni? Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ń bí mi nínú. Bó bá fún mi ní èèpo búrẹ́dì, mò ń rò ó pé ó ń ṣàánú mi.

Ìtàn kan dé láàárín àwọn ìtàn náà. Obìnrin kan ni ilẹ̀ wọn gbẹ, tí kò sí omi, tí wọ́n wá sọ fún un pé kó máa lọ, pé ibi tí ọkọ́ ẹ̀ bá ti wọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́lé sí. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí: “Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ń lọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sọ ọkọ́ kalẹ̀, á jókòó tì í. Bó bá sinmi tán, á tún gbé ọkọ́ kọ́ èjìká.” Mo ti fi àmì sí gbogbo ẹ̀. Ìlà-Kan ò tíì kà á, ó lọ ra búrẹ́dì tí àwa méjèèjì fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Oòrùn bọ́ sórí tábìlì. Òòlù ń dún nísàlẹ̀. Mo mú abẹ. Mo ha àmì orí ọkọ́ àkọ́kọ́, mo fi èékánná dán an, ó mọ́ tónítóní. Mo ha èkejì. Gbogbo ọkọ́ tó wà lójú-ìwé yẹn ni mo bọ́ fìlà lórí wọn, mo sì fi àmì àwọn ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé eré ni, pé bó bá kà á a máa jọ rẹ́rìn-ín, á ní, “Alábẹ, o ya wèrè.” Bí eré bá ni, kí ló dé tí mo fi ń wo ilẹ̀kùn bí olè?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ka ojú-ìwé yẹn, ó tún un kà. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. “Alábẹ, ta ló pa irú ìtàn yìí?” ló bi mí. “Obìnrin tó gbé ọkọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn kọ́ èjìká, tí wọ́n sọ fún un pé ibi tí ọkọ bá ti wọlẹ̀ ni kó kọ́lé sí. Ìyẹn ni pé níbi tó bá ti sin ín, ibẹ̀ ni kó dúró sí, kó má fi í sílẹ̀. Bí Bàámi ṣe máa ń gbé Màámi gun àtẹ̀gùn ilé wa ni mo rántí.” Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹnu mi là, mo sì pa á dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì rí irú àwòrán yẹn láti ìgbà yẹn títí dòní, mi ò sì tíì ya irú ẹ̀ rí. Obìnrin kan ni, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ọkùnrin tó ga jù ú lọ rọ̀ sí èjìká ẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìlà kan ló fi fa ẹ̀yìn obìnrin yẹn. O máa rí i pé ó wúwo, o sì máa rí i pé kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yẹ kí n fi orí balẹ̀ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ṣe ni inú mi tún korò sí i, torí mo mọ̀ pé bí mo bá lo gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọwọ́ mi ò lè fa ìlà yẹn.

Ó gbé àwòrán náà wọ yàrá Ọ̀gá, ó fi ojú-ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé Ọ̀gá máa pariwo, mo sì mọ̀ pé ojú-ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá rí i láìní àmì, ọ̀dọ̀ mi lẹ̀bi á wá. Mo ki gègé bọ íǹkì. Mo dá àwọn fìlà yẹn padà sórí ọkọ́ ní kíákíá. Mo rí i pé ọ̀kan fẹ́ ràn, mi ò ráyè tún un ṣe. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá: “Ìlà-Kan! Ọkọ́ ni mo ní kó gbé! Ọkọ́, ọkọ́! Ta ló ní kó gbé ọkọ? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé bàbá wọn kọ́ èjìká kiri ni?” Gbogbo àwọn tó ń di ìwé bú sẹ́rìn-ín. “Alábẹ, gbé ojú-ìwé yẹn wá!” Mo gbé e lọ. Ọ̀gá fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Re mí! Re mí! Ṣé o ò rí i ni?” Ìlà-Kan wò ó. Àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà. “Mi ò rí i, sà,” ló sọ, ohùn ẹ̀ kò sì ròkè. Ẹ má rò pé Ọ̀gá lé e o. Wọ́n jẹ́ èèyàn rere. Wọ́n rẹ́rìn-ín níkẹyìn, wọ́n ní kó lọ tún un yà, pé ẹni tí kì í ṣàṣìṣe kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá mọ níwọ̀n.

Kò tún un yà. Ó mú ojú-ìwé náà lọ sídìí fèrèsé, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́. Ó wá pè mí, ó pè mí jẹ́jẹ́ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. “Alábẹ, bá mi wo ibí yìí. Íǹkì yìí, ó dà bíi pé ó ràn díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi í sórí ibi tí abẹ ti kàn. Àbí ojú mi ni?” Ó rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: ó rí i. Nǹkan tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, tí Ọ̀gá ò rí, tí ẹnikẹ́ni ò lè rí, ojú ẹ̀ rí i. Ó sì gbẹ́kẹ̀ lé mi ju ojú ara ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá. Mo wo ojú-ìwé náà. Mo wo ọ̀rẹ́ mi lójú. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, èmi nìkan láyé ni mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Kò ràn. Ojú rẹ ni.”

Mo ti ha nǹkan púpọ̀ láyé mi, mi ò rí abẹ tó lè ha ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sunkún. Ó kàn ní, “Ó ti dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Màámi.” Ó fọ ẹnu gègé ẹ̀, ó fi aṣọ nù ún títí ó fi dán, ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ ni kó o ya ìwé yẹn. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì.” Wọ́n bẹ̀ ẹ́, Ọ̀gá pàápàá lọ sílé wọn, kò padà wá. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ta abọ́ àti ìkòkò, nǹkan ńlá tí kò gba kéèyàn fi ojú wá a. Èmi ni mo ya ìwé náà, gègé ẹ̀ ni mo fi yà á. Obìnrin tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí ẹ ń fi hàn àwọn àlejò lára ògiri yẹn, ibi tó ti wá nìyẹn. Wọ́n yìn mí, mo gbà á. Ní ti àwòrán tiẹ̀, Ọ̀gá ti jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ pàǹtírí, èmi ni mo yọ ọ́. Mo fi í pamọ́ láàárín páálí méjì. Lọ́jọ́ kan tí ìgbéraga gùn mí, mo fa ìlà kan kún etí aṣọ obìnrin náà, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí tiẹ̀. Mo bá Ìlà-Kan dọ́rẹ̀ẹ́ lọ, mo lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀, mo gbé ọmọ ẹ̀ pọ̀n. Ẹ ò rí ìkà bí?

Ọmọ tí mo gbé pọ̀n yẹn ló wá síbí ní ìjẹta. Ẹ rí i, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní òun náà ti ní ọmọbìnrin kan báyìí, pé ọmọ náà kì í fi bírò sílẹ̀, pé ó ń yàwòrán sára ògiri, sára páálí, sára ẹsẹ̀ ara ẹ̀. “Ṣùgbọ́n Màámi máa ń gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀,” ló sọ. “Wọ́n ní ojú ń fọ́ nínú ìdílé wa, wọ́n ní bí àwọn ṣe tètè fi íǹkì sílẹ̀ ló jẹ́ kí tàwọn ṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ wọn! Mo ti rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo pa lára. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń rìn kiri nínú ilé wọn, tó ń gba bírò lọ́wọ́ ọmọ kékeré.

Mo lọ bá Ìlà-Kan lánàá. Ó jókòó láàárín àwọn abọ́ ẹ̀. “Alábẹ! Ta ló rántí mi lónìí? Ìwọ náà ti rù o, ṣé wọn kì í fún ẹ lóúnjẹ níbẹ̀ ni?” Ẹ̀rín yẹn náà ni, kò yí padà. Mo ṣí páálí, mo gbé àwòrán náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó ti awò ojú ẹ̀ sókè sí iwájú orí, ó tẹ̀ mọ́ ọn. “Ìwọ lo mú un? Mo rò pé wọ́n ti sun ún,” ló sọ. Ìka ẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹ̀yìn obìnrin yẹn bọ̀ látòkè, ó dé etí aṣọ, ó dúró. “Ìlà yìí. Èmi kọ́ ni mo fà á. Ó ń gbọ̀n.” Ó gbójú sókè wò mí. “Àbí ojú mi ni?”

Orúnkún mi kanlẹ̀ láàárín àwọn abọ́ yẹn, ọ̀kan fọ́. “Kì í ṣe ojú rẹ,” ni mo wí. “Èmi ni. Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan rí.” Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Kò gbá mi létí. Ká ní ó gbá mi ni, ara ì bá tù mí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. “Íǹkì ọjọ́ yẹn, ó ràn, àbí kò ràn?” Mo ní, “Ó ràn.” “Mo rí i.” “O rí i.” “Mo rí i nígbà yẹn, Alábẹ. Mo rí i.” Ó ń sọ ọ́ léraléra, omijé ń bọ́ sórí àwòrán, ó sì ń fi aṣọ gbọn ọ́n kúrò kó má bàa bà á jẹ́. Nígbà tó yá, ó pe ọmọ-ọmọ ẹ̀ láti inú ilé. “Lọ ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Kó gbogbo bírò rẹ jáde.” Ọmọ náà sáré lọ kí ìyá àgbà má bàa yí ọkàn padà.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó na ọwọ́ dá mi dúró. “Má tíì bẹ̀ mí. Ṣé àwọn kan ṣáà wà tó ń pè ẹ́ ní Ọ̀gá? Lọ sọ ọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá ṣì ń pè ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, màá wá wo irú ọmọ tí o tọ́. Gègé mi dà?” Mo ní ó wà lórí tábìlì mi, pé màá gbé e wá fún un láàárọ̀. “Má gbé e wá,” ló sọ. “Bí mo bá fẹ́ ẹ, mo mọ ibi tí màá ti wá mú un.”

Mo ti sọ ọ́ fún yín báyìí. Gègé tó wà lórí tábìlì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín fọwọ́ kàn, òun ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí àga tó wà níwájú ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá á wá, bóyá yóò wá kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú mi tàbí lẹ́yìn ẹ̀, bóyá kò sì ní wá mọ́ rárá, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Bí ẹ ò bá fẹ́ pè mí ní Ọ̀gá mọ́, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Abẹ wà lórí tábìlì kálukú yín. Àṣìṣe ọwọ́ ara yín ni kí ẹ máa fi ha. Bó bá sì wọlé, tó na ìka sí ìlà yín kan, tó ní ó ń gbọ̀n, kí ẹ má bá a jiyàn, kí ẹ tún un fà. Lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ ni, ni mo sọ fún un, irọ́ ni mo sì pa. Kí ẹnì kan mú gègé kó bá mi kọ òótọ́ ibẹ̀ sílẹ̀, ti ojú tó rí íǹkì tó ràn, kó sì fi àmì sí i dáadáa kí ó má ràn: ojú rẹ̀ ni.